Láísẹ́ńsì ìwakọ̀ nínú fóònù ní Amẹ́ríkà: bí ẹ ṣe máa gbé e síbẹ̀, àti ibi tí káàdì ṣì ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́

Bí ẹ bá ń gbé ní Maryland tàbí ní Georgia, ẹ lè gbé láísẹ́ńsì ìwakọ̀ yín sínú fóònù lónìí láìsan kọ́bọ̀. Ẹ lè fi kọjá níbi àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú láì yọ káàdì kankan jáde nínú àpò. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú títì ní ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí, káàdì gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ mú jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ parí. Wọ́n á gbọ́ pé láísẹ́ńsì ti wà lórí fóònù, wọ́n á sì fi káàdì sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ nílé. Ti orí fóònù kò tíì rọ́pò káàdì. Ńṣe ló ń ràn án lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Arizona ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wọ Apple Wallet, ìyẹn ápù inú iPhone tó ń tọ́jú káàdì, ní oṣù kẹta ọdún 2022. Maryland tẹ̀lé e ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Georgia wọlé ní 2023, Ohio àti California ní 2024. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe ápù tiwọn: Louisiana ti ní LA Wallet láti 2018, New York sì gbé New York Mobile ID jáde ní 2024. Àwọn ìpínlẹ̀ míì ń dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dọọdún, nítorí náà ojú òpó iléeṣẹ́ tó fún yín ní láísẹ́ńsì ni kí ẹ yẹ̀ wò: MVA ni ní Maryland, DDS ní Georgia, DMV ní California àti New York. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibi línkì tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp tàbí sínú tẹ́ẹ̀sì wọ ibẹ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń ta ayédèrú láísẹ́ńsì orí fóònù, wọ́n á gba owó, wọ́n á tún gba fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì pẹ̀lú fọ́tò ojú ẹni. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ́wọ́ lè gbìyànjú láti fi orúkọ yín yá owó.

Ohun tí ẹ máa ṣètò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Lórí iPhone, ẹ kọ́kọ́ gba iOS tó dé kẹ́yìn. Ẹ rí i pé Face ID (fífi ojú ṣí fóònù) tàbí Touch ID (fífi ìka ṣí i) wà ní títàn, àti pé àkáǹtì Apple yín ní ààbò onípele méjì, ìyẹn èyí tó máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ lẹ́yìn páàsìwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, General, Language & Region, kí ẹ wo orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà tàbí ìlú ọba ni ẹ fi síbẹ̀ nígbà tí ẹ ra fóònù, kò ní gbà fún yín títí ẹ ó fi yí i sí United States. Èdè inú fóònù lè wà bó ṣe wà; orílẹ̀-èdè nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn.

Lórí Android, fóònù yín gbọ́dọ̀ máa lo Android 9 tàbí èyí tó ga jù ú lọ, kí ápù Google Wallet wà lórí rẹ̀, kí ó ní títìpa (ìtẹ̀ka, PIN tàbí páàsìwọ́ọ̀dù), kí Bluetooth àti NFC (èyí tó ń jẹ́ kí fóònù bá ẹ̀rọ tó sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀) sì wà ní títàn.

Ohun kan wà tí àwọn tọkọtaya máa ń gbàgbé. Bí ìka ìyàwó bá wà nínú fóònù ọkọ, tàbí tí ojú ọmọ ṣí fóònù ìyá rẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ìtẹ̀ka tàbí ojú rẹ̀ bá ṣí fóònù yín lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ìdánimọ̀ yín hàn. Apple tilẹ̀ máa béèrè bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣí fóònù náà. Àti pé lẹ́yìn tí láísẹ́ńsì bá ti wọlé, bí ẹ bá pa Face ID rẹ́ tí ẹ tún un ṣe, ẹ ó ní láti gbé láísẹ́ńsì náà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà ẹ tún Face ID ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ẹ tún wo káàdì fúnra rẹ̀. Ṣé ó ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀? Ṣé káàdì tuntun ti wà lọ́nà nínú lẹ́tà? Bí ẹ bá ti sọ ọ́ di ọ̀tun ṣùgbọ́n tí tuntun kò tíì dé, ẹ dúró dè é. Káàdì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tẹ̀ ló ní nọ́ńbà ìwé tirẹ̀, yàtọ̀ sí nọ́ńbà láísẹ́ńsì tí kì í yí padà, ohun tí iléeṣẹ́ ìjọba sì ní nínú ìwé wọn lẹ́yìn ìsọdọ̀tun ni ti káàdì tuntun. Bí ẹ bá ya fọ́tò ti àtijọ́ ránṣẹ́, méjèèjì lè má bá ara wọn mu.

Gbígbé e wọlé

Lórí iPhone: ẹ ṣí Wallet, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Driver's License sí, kí ẹ mú ìpínlẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní Apple Watch, yóò béèrè bóyá kí ó gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó ya fọ́tò iwájú káàdì, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn rẹ̀. Níkẹyìn ẹ ó ya fọ́tò ojú yín, fóònù á sì ní kí ẹ yí orí tàbí kí ẹ ṣe ojú báyìí báyìí, kó lè dá a lójú pé ènìyàn gidi ló wà níwájú rẹ̀, pé kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà. Bí ẹ kò bá lè yí orí bó ṣe fẹ́, ọ̀nà míì wà lábẹ́ Accessibility lójú ìwé yẹn kan náà. Ẹ ó ka ohun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i, ẹ ó sì dúró. Bí wọ́n bá ti gbà á, ìkéde á jáde lójú fóònù.

Google Wallet kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ tẹ Add to Wallet, ẹ mú ID, ẹ mú ìpínlẹ̀, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì, lẹ́yìn náà ẹ ó ya fídíò kékeré ti ojú yín. Ìpínlẹ̀ tó bá ní ápù tirẹ̀ máa ń gba ọ̀nà tó jọ èyí.

Ibi fọ́tò ni iṣẹ́ ti máa ń dojú rú, ó sì dára kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ yọ káàdì kúrò nínú ọ̀rá tàbí àpò rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tó dúdú tí kì í dán, bí aṣọ tàbí tábìlì igi, kí etí káàdì lè hàn yàtọ̀. Ẹ má tan iná kámẹ́rà: káàdì yìí máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ á sì bo orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí. Bí iná òkè yàrá bá ń hàn lójú káàdì, ẹ sún un síbòmíì; ẹ má kàn gbé fóònù ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn káàdì, ohun tí kámẹ́rà ń wá ni kóòdù fífẹ̀ tó ní àwọn àmì wẹ́wẹ́. Bí àpò tí ẹ ń jókòó lé lójoojúmọ́ bá ti ha kóòdù náà, fóònù kò ní lè kà á, bí ẹ tilẹ̀ gbìyànjú títí di alẹ́. Kò sí ọgbọ́n míì fún un ju pé kí ẹ béèrè káàdì mìíràn lọ.

Ní ti fọ́tò ojú, ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kámẹ́rà fóònù kì í rí ojú àwa aláwọ̀ dúdú dáadáa bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn wa. Ẹ kọjú sí fèrèsé lójú ọ̀sán, kí ògiri wà lẹ́yìn yín. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ tú gèlè, ẹ yọ awò ojú. Bí fọ́tò orí káàdì bá ti pẹ́, tí irun tàbí irùngbọ̀n sì ti yí ojú padà, ẹ jẹ́ kí iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú hàn gbangba. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún un ṣe níbi kan náà lábẹ́ iná kan náà. Ẹ yí ibi tí ẹ jókòó sí padà kí ẹ tó tún gbìyànjú.

Bí fọ́tò bá dára tí wọ́n ṣì ń kọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó wà lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni kò bá káàdì mu. Apple tàbí Google kò lè tún èyí ṣe. MVA, DDS tàbí DMV ni kí ẹ pè.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá lóye èyí kò ní ṣi í lò. Láísẹ́ńsì orí fóònù kì í ṣe fọ́tò. Ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń fi òǹtẹ̀ orí kọ̀ǹpútà lu ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó bá fẹ́ kà á sì máa ń yẹ òǹtẹ̀ náà wò. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni ISO/IEC 18013-5, tó jáde ní 2021. Fóònù àti ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ mọ ara wọn nípa pé ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn tàbí pé ẹ fi kóòdù QR hàn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á gba orí Bluetooth kọjá. Ìdí nìyí tí ó fi lè ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ti pa Bluetooth.

Orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, bóyá ẹ ti pé ọmọ ọdún 21: a lè yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan hàn láì yọ ìyókù. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí lè béèrè kìkì bóyá ẹ ti pé 21, kí ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà má mọ òpópónà tí ilé yín wà. Èyí ni àǹfààní tó ga jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá fún obìnrin tó ń dá gbé. Káàdì kò lè ṣe é: bí ẹ bá nà án sí ènìyàn, ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, fọ́tò káàdì tó wà nínú gálárì yín, tàbí èyí tí ẹ yà lójú fóònù, kì í ṣe láísẹ́ńsì rárá. Kò ní òǹtẹ̀. Ẹ má fi hàn ẹnikẹ́ni bí ẹni pé òun ni.

Ní pápákọ̀ òfurufú

TSA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ arìnrìn-àjò wò ní pápákọ̀, ló ń gbà á jù lọ. Láti ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2025 tí òfin REAL ID ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápákọ̀, káàdì tí ẹ fi ṣe ti orí fóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ REAL ID, ìyẹn káàdì tó bá ìlànà ìjọba àpapọ̀ mu. Ẹ wo apá òkè káàdì: bí ìràwọ̀ bá wà níbẹ̀, ó jẹ́ REAL ID. Bí kò bá sí, gbígbé e wọ fóònù kò lè sọ ọ́ di REAL ID.

Ẹ wá ibi tí àmì wà pé wọ́n ń gba ìdánimọ̀ orí fóònù, nítorí kì í ṣe gbogbo ìlà ló ní ẹ̀rọ náà. Lórí iPhone, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú láísẹ́ńsì, ẹ gbé orí fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè á jáde lójú fóònù: ẹ kà á, kí ẹ tó fi ojú tàbí ìka fọwọ́ sí i. Lórí Android, ẹ ṣí Google Wallet, ẹ tẹ ID yín, ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ tàbí kí ẹ fi kóòdù QR hàn, lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ TSA á ya ojú yín, á fi wé fọ́tò tó wọlé. Kò sí ìgbà kankan tí ẹ ní láti gbé fóònù lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

TSA fúnra wọn sọ pé kí arìnrìn-àjò ṣì máa mú káàdì dání. Ẹ gbọ́ tiwọn. Ẹ̀rọ lè má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tàbí kí bátìrì yín kú. Bí bátìrì bá kú, láísẹ́ńsì náà ti lọ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, nítorí kò ṣeé fi hàn láìfi ojú tàbí ìka ṣí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe pàtàkì fún wa. Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti ìdánimọ̀ tí ẹ fẹ́ lò mu. Bí páásípọ́ọ̀tù bá sọ pé Oluwaseun, tí láísẹ́ńsì sì sọ pé Seun, èyí tí ẹ fẹ́ fi hàn ní ibi àyẹ̀wò ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò lè ṣàtúnṣe orúkọ nínú fóònù. Ọ́fíìsì tó fún yín ní káàdì ni ẹ ó lọ. Bí ẹ bá yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ tún káàdì ṣe ná, kí ẹ tó tún ti orí fóònù ṣe.

Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró

Ní Maryland àti Georgia, káàdì ni. Louisiana yàtọ̀: òfin ìpínlẹ̀ yẹn láti 2016 gbà pé kí awakọ̀ fi LA Wallet han ọlọ́pàá, ó sì sọ kedere pé fífi í hàn kì í ṣe àṣẹ pé kí ọlọ́pàá wo ohun míì nínú fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wakọ̀ kúrò ní Louisiana wọ Texas, òfin ibi tí ẹ wọ̀ ni ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, kó mú káàdì dání.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò tàbí sí fóònù, ẹ sọ fún ọlọ́pàá ohun tí ẹ fẹ́ mú àti ibi tó wà, kí ẹ sì dúró kí ó dáhùn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Káàdì tó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o sàn ju fóònù tí ẹ ń wá lábẹ́ àga lọ.

Ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ lórí fóònù jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ fi èyí hàn, ẹ ti fóònù mọ́ ojú ìwé yẹn nìkan. Lórí iPhone, ẹ ti tan Guided Access sílẹ̀ láti ilé nínú Settings, Accessibility. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lórí Android, App pinning ni wọ́n ń pè é, ó wà ní apá ààbò nínú Settings. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Riley v. California pé ọlọ́pàá nílò ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ kó tó yẹ inú fóònù ẹni tí wọ́n mú wò. Síbẹ̀, bí ẹ bá fúnra yín gbà pé kí ó wò ó, ẹ ti yọ̀ǹda nìyẹn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ dán títì yìí wò nílé kí ẹ tó nílò rẹ̀.

Àwọn ibòmíì tí káàdì ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́: ibi tí wọ́n ti ń yá mọ́tò, ọ̀pọ̀ báǹkì, àti ìwakọ̀ lókè òkun. Ìwé ìwakọ̀ ti àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IDP kì í dá dúró. Káàdì gan-an ni wọ́n ń fi tì í lẹ́yìn.

Fóònù tó sọnù, fóònù tí ẹ fẹ́ pààrọ̀

Bí iPhone bá sọnù, ẹ wọ Find My láti ibòmíì, ẹ tẹ Mark As Lost. Láísẹ́ńsì inú rẹ̀ kò ní ṣeé lò mọ́ títí ẹ ó fi rí i. Lórí Android, ẹ lo ìwákiri fóònù ti Google láti tì í tàbí láti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Káàdì yín kò bàjẹ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Láísẹ́ńsì so mọ́ fóònù kan ni. Kò ní bá fọ́tò àti àwọn nọ́ńbà yín kọjá sínú fóònù tuntun. Ẹ ó tún un gbé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ fóònù ní alẹ́ ọjọ́ ìrìn-àjò. Àti pé púpọ̀ nínú fóònù àtijọ́ tí a ń lò níbí, ilé ló ń lọ, sí ọ̀dọ̀ àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó dì í sínú ẹrù, ẹ kọ́kọ́ yọ láísẹ́ńsì kúrò nínú Wallet, lẹ́yìn náà ẹ wọ Settings, General, Transfer or Reset iPhone, kí ẹ pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Yíyọ káàdì SIM nìkan kò tó.

Ẹ̀yin tí ìpínlẹ̀ yín kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà. Apple àti Google ti ń jẹ́ kí a fi páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ṣe ìdánimọ̀ orí fóònù: ẹ ó ya fọ́tò ojú ìwé tí àwòrán yín wà, ẹ ó gbé fóònù lé ìwé náà kí ó ka ṣípù inú rẹ̀, ẹ ó sì ya ojú yín. TSA ń gbà á fún ìrìn-àjò láàárín Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìwé ìwakọ̀ o, bí ẹ bá sì ń lọ sí Èkó, ìwé páásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ ni ẹ ó mú lọ sí káńtà.